Ọkọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀, kò jí: ẹ yẹ delco wò kí ẹ tó náwó

 

Òwú la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí: ìgbà tí a ó gbìn ín, bí a ṣe ń fín oògùn, bí a ṣe ń ká a kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n a kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ òwú. Oògùn kòkòrò tí kò dé abúlé lọ́jọ́ tó yẹ kò lè gba ọmọ òwú sílẹ̀. Ọjọ́ 14 ló wà láàárín fífín kan sí èkejì. Bí ọkọ̀ tó ń gbé oògùn bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì àkókò náà ti lọ, kòkòrò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ajílẹ̀, bákan náà ni aláìsàn tó fẹ́ dé ilé ìwòsàn lóru.

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ bá kọ̀, ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ra ohun kan, wọ́n á fi sí i, kò ní jí; wọ́n á ra òmíràn, kò ní jí; owó àpò ẹgbẹ́ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá wá jí, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ àrùn gan-an nínú gbogbo ohun tí wọ́n rà. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ tó rà.

Ẹ̀yin náà mọ ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Bí ewé òwú bá pọ́n, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré da ajílẹ̀ sí i. Á yí ewé padà, á wo abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò ló ń mu ún. Á wo ilẹ̀ bóyá omi ló dúró síbẹ̀. Á fa igi kan tu, á wo gbòǹgbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó mọ ohun tí yóò rà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

ỌKỌ̀ WO NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN?

Ó kan ọkọ̀ àtijọ́ tó ń mu ẹ́sáǹsì, bíi Peugeot 404 àti 504. Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Bí a ṣe ń rí i àti ohun èlò rẹ̀ káàkiri ọjà wa títí dòní kò ya ni lẹ́nu.

Kò kan ọkọ̀ tó ń mu gasoil. Ọkọ̀ gasoil kò ní bùjí, kò sì ní delco. Bâchée 504 kan lè jẹ́ ti ẹ́sáǹsì, òmíràn lè jẹ́ ti gasoil. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí tiyín jẹ́.

Àwọn orúkọ Faransé tí wọ́n fi ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní ìsọ̀ ni a lò níbí, kí ọmọ tí ẹ bá rán lọ ra ohun kan lè pè é bó ṣe yẹ. A ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè wa.

KÍ NI DELCO Ń ṢE?

Allumeur ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n delco ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè é. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Dayton ní 1909. Charles Kettering, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ṣe ètò iná onítbátìrì tí ọkọ̀ Cadillac kọ́kọ́ lò. Láti ìgbà náà ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti mọ́ ohun èlò yìí lára.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bátìrì ọkọ̀ ní volt 12. Volt 12 kò lágbára tó láti fo àlàfo tó wà lẹ́nu bùjí. Nítorí náà iná á kọ́kọ́ gba inú bobine. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ló wà nínú bobine. Bí iná bátìrì bá ń gba inú rẹ̀, tí a sì já a lójijì, bobine á tu iná tó lágbára ju volt 10.000 lọ jáde. Iná ńlá yìí ló ń ta lẹ́nu bùjí, òun ló sì ń mú kí ẹ́sáǹsì jó nínú ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ méjì ni delco ń ṣe níbẹ̀. Èkínní, òun ló ń já iná bobine lásìkò tó tọ́. Èkejì, òun ló ń pín iná ńlá náà fún bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń yípo lẹ́ẹ̀mejì, delco á yípo lẹ́ẹ̀kan, á sì pín iná mẹ́rin. Tí ẹ̀rọ bá ń yípo 3.000 láàárín ìṣẹ́jú kan, delco ń yípo 1.500, ó sì ń pín iná 6.000. Èyí jẹ́ iná 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí i pé ìdọ̀tí kékeré tàbí ẹ̀san bí irun lè da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rú.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń BÀJẸ́

1. Tête de delco, ìyẹn ìdérí. Òun ni fìlà dúdú tí okùn bùjí mẹ́rin àti okùn bobine kan wọ̀ lórí. Ó lè sán. Iná lè gba ojú ẹ̀san náà sá lọ, kó sì fi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bí ìlà tí a fi pẹ́ńsù fà. Ojú irin inú rẹ̀ lè dípẹtà. Ní àárín inú ìdérí náà, èédú kékeré kan wà tí irin tó ń ta padà ń tì sísàlẹ̀. Wọ́n ń pè é ní charbon. Ó lè jẹ tán, ó lè ṣẹ́, ó sì lè há.

2. Doigt, ìyẹn ìka. Òun ló ń yí lábẹ́ ìdérí, tó ń nawọ́ iná sí bùjí kọ̀ọ̀kan. Ó lè sán, tàbí kí iná lu ú já lábẹ́, kó sì bọ́ sínú ọ̀pá irin tó gbé e dúró. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, bobine á máa ta iná dáadáa, ṣùgbọ́n bùjí kò ní rí nǹkan kan.

3. Vis platinée. Ẹnu irin méjì ni, tó ń pàdé tó sì ń ṣí. Nígbà tó bá ṣí ni iná bobine ń já. Ọ̀pá àárín tó ní gun mẹ́rin ló ń ṣí i. Ẹnu rẹ̀ lè jó, ó lè dọ̀tí, òróró lè ta sí i, tàbí kí ìgigísẹ̀ rẹ̀ tó ń fara kan ọ̀pá náà jẹ, kí ẹnu rẹ̀ má lè ṣí tó mọ́.

4. Condensateur. Agolo kékeré kan ni, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì ní okùn kan. Nígbà tí vis platinée bá ṣí, òun ló ń gba iná tó bá fẹ́ fò láàárín ẹnu méjèèjì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu vis platinée á máa jó kíákíá, iná bùjí á sì di tẹ́ẹ́rẹ́, á pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí inú rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ mọ́ irin ara rẹ̀, iná kò ní sí rárá.

5. Ọ̀pá àárín àti capsule. Bí ọ̀pá náà bá ti ń mì, ẹnu vis platinée kò ní ṣí bákan náà fún bùjí kọ̀ọ̀kan. Capsule ni agolo pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ delco, tí páìpù kékeré kan so ó mọ́ kabúrétọ̀. Òun ló ń tún àsìkò iná ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò bá wúwo lórí ẹ́sáǹsì. Awọ inú rẹ̀ lè ya.

Ẹ ṢỌ́RA KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Iná delco lè ta ènìyàn nù, ó sì lè fa ìjàǹbá fún ẹni tó ní àrùn ọkàn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán di okùn tí iná ńlá wà nínú rẹ̀ mú. Ẹ lo ẹ̀mú tó ní rọ́bà lọ́wọ́, tàbí igi gbígbẹ. Ẹ má dúró sínú omi.

Ẹ má ṣe àyẹ̀wò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òwú, nínú ilé ìkóòwúsí, tàbí nínú ọkọ̀ tí òwú ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná kan ṣoṣo tó bọ́ sínú òwú gbígbẹ lè jó iṣẹ́ ọdún kan ráúráú. Ẹ gbé jálá àti ìgò ẹ́sáǹsì jìnnà. Ẹni kankan kò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀.

Ẹ yọ ìyeere àti aṣọ tó ń fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì àti fáànù. Kí ẹ̀rọ má sì wà nínú jíà nígbà tí ẹnì kan bá ń yí kọ́kọ́rọ́.

Tí ẹ bá ṣí ìdérí, tí ẹ kò sì rí vis platinée nínú rẹ̀, a jẹ́ pé onínáelẹ́kítíróníìkì ni delco yín. Ẹ má fa iná jáde lára irú èyí bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé, torí ó lè ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

ÀYẸ̀WÒ NÍ ÌGBÉSẸ̀ MẸ́FÀ

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: tournevis kan, ẹ̀mú onírọ́bà kan, bùjí kan tí ẹ mọ̀ pé ó dára, aṣọ mímọ́ tó gbẹ, àti gílóòbù kékeré volt 12 tí ẹ so okùn méjì mọ́. Ènìyàn méjì ni kó ṣe é: ẹnì kan níbi kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan níwájú ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ 1: bátìrì àti ẹ́sáǹsì.
Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, ẹ fọn fèrè. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì, tí ẹ̀rọ sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bátìrì tàbí orí rẹ̀ tó dípẹtà lẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹnu kabúrétọ̀, ẹ fi ọwọ́ fa ẹ́sáǹsì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ́sáǹsì ń tú síbẹ̀. Bí kò bá tú, delco kọ́ ló ṣẹ̀. Bí ó bá tú, ẹ dé e padà, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn ẹ́sáǹsì lọ kí ẹ tó bọ́ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: ṣé bùjí ń rí iná?
Ẹ yọ okùn bùjí kan, ẹ ki bùjí tó dára bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀mú onírọ́bà mú un, kí irin ara bùjí fara kan irin ẹ̀rọ dáadáa, níbi tó jìnnà sí kabúrétọ̀. Kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́.
– Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń ta, tó ń dún pá-pá-pá, iná dára dé ibẹ̀. Ẹ dán àwọn okùn yòókù wò bákan náà. Bí gbogbo wọn bá dára, ẹ wo bùjí tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe to àwọn okùn náà.
– Bí iná bá pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò sí rárá, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 3.

Ìgbésẹ̀ 3: ṣé bobine ń ta iná?
Ẹ yọ okùn àárín tó ti bobine wá kúrò lórí ìdérí. Ẹ fi ẹ̀mú onírọ́bà mú un, kí ẹnu rẹ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà 6 jìnnà sí irin ẹ̀rọ. Kó má jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì:
– Bí iná bá ta dáadáa níbí, tí bùjí kò sì rí i ní ìgbésẹ̀ 2, àrùn wà nínú ìdérí, nínú ìka, tàbí nínú okùn bùjí. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 5.
– Bí iná kò bá ta, tàbí tó rẹ̀wẹ̀sì, àrùn wà nínú vis platinée, condensateur, bobine, tàbí okùn tó so wọ́n pọ̀. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 4.
Ìgbésẹ̀ yìí nìkan lè gba owó tí ẹ̀ bá ti ná sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ fi gílóòbù béèrè ọ̀rọ̀.
Ẹ so okùn gílóòbù kan mọ́ irin ara ọkọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná ti ń tàn láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ń yí. Ẹ fi okùn kejì kan orí bobine tó ní àmì +.
– Kò tàn? Iná kò dé bobine rárá. Ẹ wo okùn àti ibi kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ra delco.
– Ó tàn? Ẹ gbé okùn náà lọ sí orí bobine tó ní àmì –, níbi tí okùn delco wà, kí ẹnì kejì wá yí ẹ̀rọ.
– Bí gílóòbù bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, vis platinée ń ṣí ó sì ń pàdé. Bí iná kò bá sí síbẹ̀, tàbí tó rẹ̀wẹ̀sì, ẹ fura sí condensateur, lẹ́yìn náà bobine, títí kan okùn àárín.
– Bí gílóòbù bá tàn láìkú rárá, ẹnu vis platinée kò pàdé, tàbí ó dọ̀tí, tàbí okùn tó lọ sí delco ti já.
– Bí gílóòbù kò bá tàn rárá lórí –, tó sì tàn lórí +, ẹ tú okùn delco kúrò lórí – kí ẹ tún fi gílóòbù kan ibẹ̀. Bí ó bá wá tàn báyìí, inú delco ni àrùn wà: vis platinée kò ṣí, condensateur lẹ̀ pọ̀ nínú, tàbí okùn kan bó tó ń fara kan irin. Bí kò bá tàn síbẹ̀, bobine ti já nínú.
Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ kò yí. Bobine á gbóná, ó sì lè jó.

Ìgbésẹ̀ 5: ìdérí, ìka àti okùn.
Kí ẹ tó yọ okùn kankan, ẹ so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè dá a padà síbi tó ti wá. Lórí Peugeot 504, 1-3-4-2 ni ètò iná, ẹ̀gbẹ́ jíà ni wọ́n sì ti ń ka èkínní, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fáànù.
Ẹ tú irin méjì tó di ìdérí mú. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ wá ẹ̀san àti ìlà dúdú. Ẹ fi ìka tẹ charbon: ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì padà jáde fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí funfun lórí irin, ẹ lè fọ́ ọ kúrò. Ìdérí tó bá ti sán, kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ ra òmíràn.
Fún ìka: ẹ fi í sílẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹ mú okùn bobine pẹ̀lú ẹ̀mú onírọ́bà, kí ẹnu rẹ̀ súnmọ́ irin orí ìka náà tó mìlímítà 5, kí ẹnì kejì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná ńlá bá ń fò sórí ìka, a jẹ́ pé ó ń gba inú rẹ̀ já bọ́ sí ọ̀pá irin. Ìka náà ti kú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Bí iná kò bá fò, ìka dára.
Fún okùn: ní alẹ́, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, kí ẹ ṣí iwájú ọkọ̀. Ibi tí iná búlúù kékeré bá ti ń tàn lára okùn tàbí lára ìdérí, ibẹ̀ ni iná ti ń jò.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹnu vis platinée àti ọ̀pá.
Ẹ yí ẹ̀rọ títí ìgigísẹ̀ vis platinée yóò fi gun orí gun ọ̀pá, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí jù lọ. Àlàfo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 0,4 lórí 504. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní jauge ló yẹ kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà láìní jauge, bébà funfun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tí ẹ ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì tó di ìpele mẹ́rin, súnmọ́ ọn. Ó lè gbé yín délé. Kò rọ́pò jauge.
Bí ẹnu rẹ̀ bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi bébà oníyanrìn tó kúnná ra á, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún. Bí ihò bá ti wà lójú kan, tí òkìtì sì wà lójú kejì, ẹ pààrọ̀ vis platinée àti condensateur pọ̀. Ẹ tún ẹ̀rọ ṣe lórí àsìkò iná lẹ́yìn náà, torí àlàfo tó bá yí padà ti yí àsìkò iná padà: bó bá fẹ̀ jù, iná á máa yá jù, bó bá há jù, iná á máa pẹ́ jù.
Ẹ di orí ọ̀pá mú, kí ẹ tì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ń mì, vis platinée tuntun kò ní wò ó sàn. Ẹ yí ìka díẹ̀ síbi tó máa ń yí sí, kí ẹ fi í sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ páìpù capsule kúrò lára kabúrétọ̀, kí ẹ fi ẹnu fa á. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé láìdúró, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ọkọ̀ á máa mu ẹ́sáǹsì ju bó ṣe yẹ lọ.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ FÚNRA RẸ̀ Ń SỌ

Ká ní ọkọ̀ yín kì í jí láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ràn, á jí. Ọ̀rinrin ló wà lára ìdérí àti okùn. Ẹ nu wọ́n gbẹ ná. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ wá ẹ̀san.

Ká ní ọkọ̀ jí dáadáa ní Sábẹ̀, ó rìn fún wákàtí kan, ó kú lójijì nínú oòrùn ọ̀sán, lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ ó tún jí. Ẹ fura sí condensateur tàbí bobine tó ń kọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 3 lójú ẹsẹ̀, nígbà tó ṣì kọ̀; bó bá ti tutù, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ká ní ọkọ̀ ń wúkọ́, tó ń dún bí ìbọn láti inú kabúrétọ̀, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fọwọ́ kan àwọn okùn. Wọ́n ti pààrọ̀ ààyè okùn méjì. Ẹ padà sí 1-3-4-2.

Ká ní ọkọ̀ jí, ṣùgbọ́n tí ajílẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lágbára lórí òkè, ẹ̀rọ sì ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Ẹ wo àsìkò iná, capsule, àti àlàfo vis platinée. Kó tó di pé ẹ ń sọ pé ẹ̀rọ ti gbó, ẹ yẹ àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí wò.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ

Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ sí ìsọ̀, kí ẹ fi wé tuntun. Delco oríṣiríṣi ló wà lórí ọkọ̀ kan náà. Vis platinée ti ọ̀kan kì í wọ òmíràn. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ẹ jí ọkọ̀ wò, kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Àyàfi vis platinée àti condensateur tó ń lọ pọ̀. Bí ohun tuntun kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ yọ ọ́, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà, kí ẹ pa tuntun mọ́. Ohun tuntun pàápàá lè ti bàjẹ́ láti ọjà. Nítorí náà, ẹ tún fi ìgbésẹ̀ kan náà dán an wò.

Ẹ ní àpótí kékeré kan nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́: vis platinée kan, condensateur kan, ìka kan, bùjí kan, gílóòbù olókùn méjì, àti jauge. Kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́: ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ pààrọ̀, iye tó náni. Bí mẹkáníìkì bá dé, ẹ fi ìwé náà hàn án. Bí ó bá sọ pé kí ẹ ra ohun kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: «Ọ̀gá, àyẹ̀wò wo ló fi hàn bẹ́ẹ̀?» Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, inú rẹ̀ á dùn láti fi hàn yín.

Kí ìgbà fífín oògùn tó bẹ̀rẹ̀, àti kí ọjà òwú tó ṣí, ẹ ṣí ìdérí delco lẹ́ẹ̀kan. Ẹ nu eruku pupa kúrò, ẹ wọn àlàfo, ẹ fi gírísì tó tó orí ìṣáná kan sára gun mẹ́rin ọ̀pá náà. Kó má pọ̀ jù, torí èyí tó bá ta sẹ́nu vis platinée á bà á jẹ́.

Ẹ RÁNTÍ

– Bátìrì àti ẹ́sáǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.
– Iná wà lẹ́nu okùn bobine, kò sí lẹ́nu bùjí: ẹ wo ìdérí, ìka àti okùn.
– Iná kò sí lẹ́nu okùn bobine: ẹ lo gílóòbù.
– Kò sí àyẹ̀wò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tàbí ẹ́sáǹsì.
– Ẹ má ra ohun tí àyẹ̀wò kò tọ́ka sí.

Ẹ ka ìwé yìí sókè nínú ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹ mú awakọ̀ àti ọ̀dọ́ méjì láti kọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó tó di ọjọ́ tí yóò kọ̀. Ẹni tó ti rí bí iná tó dára ṣe ń ta lọ́jọ́ àlàáfíà ni yóò dá èyí tí kò dára mọ̀ lọ́jọ́ ìṣòro.